Fidda, Ẹni Tí Mo Pè Ní Wèrè

Kì í ṣe òun ló bí mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, Fidda ni wọ́n sì ń pè é. Ọmọ oṣù méje ni mo jẹ́ nígbà tí ìyá tó bí mi kú. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí èbúté Aqaba nígbà náà, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà kó tó wálé. Fidda gbé mi sọ́dọ̀, ó fi wàrà ewúrẹ́ tọ́ mi, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá alágbàtọ́ kiri. Láàárín oṣù yẹn kan náà, ọkùnrin kan tó ní ràkúnmí mọ́kànlá wá tọrọ rẹ̀ láti fẹ́. Ọkùnrin náà ní ohun gbogbo tẹ́ òun lọ́rùn, àfi pé òun kò lè gba ọmọ ọlọ́mọ sínú àgọ́ òun. Fidda ní kó máa lọ, kó sì bá òun kí àwọn ràkúnmí rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó tún wá tọrọ rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Obìnrin gíga, gbígbẹ ni. Bàtà tí wọ́n gé lára táyà ló máa ń wọ̀ lọ sẹ́yìn ẹran, pẹ̀lú aṣọ dúdú kan tí oòrùn ti mú ṣá títí tí kò fi yàtọ̀ sí àwọ̀ ilẹ̀ mọ́. Kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo pàlàpálá àpáta tó wà ní aṣálẹ̀ wa, n kò mọ èyí tí kò wọ̀ rí. Ó mọ ibi tí omi òjò máa ń kù sí nínú kòtò àpáta títí oṣù kẹfà, ó mọ ihò tí paramọ́lẹ̀ ń sùn sí, ó mọ ibi tí ènìyàn lè gbà gun òkè àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dán an wò.

Èyí tó gùn jù nínú àwọn pàlàpálá náà là ń pè ní Ọ̀nà Ọ̀fun. Àpáta pupa méjì ló dojú kọ ara wọn níbẹ̀, wọ́n ga ju mọ́ṣáláṣí lọ, àlàfo àárín wọn sì há débi pé ní ibòmíràn, ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Nígbà tí Fidda wà ní ọ̀dọ́, gbogbo ènìyàn gbà pé ọ̀nà náà kò já síbi kankan. Ní ọdún ọ̀dá kan, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ewúrẹ́ rẹ̀ kan tó lóyún wọnú ibẹ̀, kò sì jáde. Fidda pọ̀n mí sẹ́yìn, ó ń tẹ̀ lé ìgbẹ́ ewúrẹ́ náà lórí yanrìn títí ó fi bá a ní òpin ọ̀nà, níbi tí koríko tútù wà. Ewúrẹ́ náà ti bímọ. Láti ọjọ́ yẹn, Fidda mú èèkàn irin tí a fi ń ta àgọ́, ó ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sára àpáta kí àwọn ẹran yòókù lè gba ibẹ̀. Oṣù méjì ló fi gbẹ́ ẹ. Ọ̀nà tó ṣí yẹn ni àwọn ẹran wa gbà tí wọn kò fi kú tán lọ́dún náà.

Mo dàgbà, mo di amọ̀nà. Ọ̀dọ̀ àwọn àlejò ni mo ti kọ́ gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀díẹ̀, lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo rántí ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí pé ta ló rí Ọ̀nà Ọ̀fun. Ọmọ ogún ọdún ni mo jẹ́. Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti ní èmi ni. Ojú tí ọkùnrin náà fi wò mí dùn mọ́ mi nínú. Nígbà tó yá, mo fi àmọ̀tẹ́kùn kan kún ìtàn náà, mo ní òun ni mò ń sá fún. Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àlejò ti ń kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwòrán mi, wọ́n ń fi orúkọ mi pe ibẹ̀ ní Ọ̀nà Dakhil. Aládùúgbò kan sọ fún Fidda. Wọ́n ní ẹ̀rín ló rín, ó ní ọ̀nà kì í jẹ oúnjẹ, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun fi jẹun.

Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún kan, mo gbé tọkọtaya kan tó wá láti ilẹ̀ Slovenia. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni àwọn méjèèjì. Ọkọ, Lojze, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Zdenka, kì í yé bèèrè ọ̀rọ̀, ó sì ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ èdè wa sí. Nínú jíìpù láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sọ ìtàn ọ̀nà mi fún wọn, àti àmọ̀tẹ́kùn rẹ̀.

Nígbà tí a dé ẹnu pàlàpálá náà, Fidda jókòó síbẹ̀ láàárín àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Ó dìde nígbà tó rí mi.

"Dakhil, ẹ má wọlé lónìí. Àwọn ewúrẹ́ kọ̀, wọn ò gbà kí n kó àwọn wọ ibẹ̀ láti àárọ̀. Òjò ti rọ̀ lókè lọ́hùn-ún."

Mo wòkè. Ojú ọ̀run mọ́ roro. Mo sọ fún un pé n kò rí àwọsánmà kankan.

"Orí tiwa níbí ni kò sí. Ṣé omi ń bèèrè ìyẹn?" Ó sún mọ́ mi. "Àbí o fẹ́ bá mi jiyàn lórí ọ̀nà tí mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ́?"

Ó ń na ọwọ́ sí àpáta bó ti ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ìka júwe bí òun ṣe gbẹ́ ẹ. Zdenka ń wo ọwọ́ náà. Ó bi mí pé kí ni ìyá yìí ń sọ.

Ṣé kí n sọ fún un pé Fidda ló ni ọ̀nà? Ìtàn àmọ̀tẹ́kùn kò tíì pé wákàtí kan tí mo sọ ọ́ tán. Mo wo aṣọ Fidda, mo wo bàtà táyà ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì pé wèrè kan ni, pé ó máa ń dá àwọn àlejò dúró síbí láti tọrọ nǹkan.

Àánú ṣe Zdenka. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó mú búrẹ́dì àti ẹyin bíbọ̀ kan jáde, ó fi lé Fidda lọ́wọ́, ó sì rọra fọwọ́ kàn án léjìká bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Fidda wo búrẹ́dì náà. Láàárín wa, aláàgọ́ ló ń fún àlejò lóúnjẹ, àlejò kì í fún aláàgọ́. Ó wò mí. Kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀. Nítorí pé a kì í kọ búrẹ́dì, ó fi ẹnu kò ó, ó fi kan iwájú orí, ó sì padà lọ jókòó.

A wọlé.

A ti rìn fún bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ nígbà tí atẹ́gùn tútù kan fẹ́ wá láti iwájú, ó ń rùn bí ilẹ̀ tútù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan, bí ìgbà tí ọkọ̀ ẹrù mẹ́wàá bá jọ ń gòkè. Mo pariwo pé kí wọ́n gun àpáta. Ibi pẹrẹsẹ kan wà lókè orí wa, kò fẹ̀ ju ẹní ìkírun lọ. Mo ti Zdenka sókè, ó fa Lojze, èmi sì ń tì í láti ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó fi orókùn gbá àpáta. Bí mo ṣe gun ibẹ̀ tán ni ọ̀gbàrá náà dé, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ń yí òkúta bí ẹni ń yí àgbá. Ó gbé igi kan tó tó òpó àgọ́ kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ó sì ń ga sí i.

Zdenka di apá mi mú. Ó ní, "Ìwọ lo rí ọ̀nà yìí. Níbo la ó gbà gòkè?"

N kò mọ̀ ọ́n. Fidda ti sọ fún mi lọ́mọdé pé òun gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ kan síbi tí ọ̀nà ti há, nítorí ọjọ́ omi. N kò fetí sí i. Mo ń fọwọ́ wá àpáta kiri bí afọ́jú, omi ti ń kan bàtà wa, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé mo ti pa àwọn arúgbó méjì wọ̀nyí.

Nígbà náà ni mo gbọ́ orúkọ mi láti òkè. Fidda ti gba orí àpáta wá, ó ń sáré pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀ tó ń ro ó láti ọdún mẹ́ta. Ó ju okùn irun ewúrẹ́ tó fi ń fa omi kànga sílẹ̀. Ó ti so ó mọ́ òkúta, ó sì lọ́ ọ mọ́ ara rẹ̀.

"Ọmọ mi, fi ọwọ́ òsì wá a lẹ́yìn èjìká rẹ. Rárá, ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ sí i. O ti bá a?"

Mo ti bá a. Ihò náà gba ọwọ́ mi dáadáa. Ó ń pe ihò kọ̀ọ̀kan fún mi bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, bí a ṣe gùn ún nìyẹn, Zdenka ṣáájú, Lojze tẹ̀ lé e, èmi sì gbẹ̀yìn. Nígbà tí mo dé òkè, mo rí i pé okùn ti bó awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ó dá iná, ó se tíì. Zdenka ń sunkún, ó di ọwọ́ Fidda tó bó náà mú, ó ń fi aṣọ ọrùn rẹ̀ wé e. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Ó ní òun gbọ́ tí ìyá yìí ń pè mí ní ọmọ mi. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé kékeré rẹ̀. Ó bi mí pé báwo ni wèrè ṣe mọ orúkọ mi.

Mo dá a lóhùn pé gbogbo àgbà ló ń pe ọmọdé bẹ́ẹ̀ níbí. Òótọ́ ni, irọ́ sì ni. Omi tí obìnrin náà yọ mí nínú rẹ̀ kò tíì gbẹ lára mi, mo tún sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Fidda ń wo ojú wa. Ó bi mí pé, "Kí lo sọ fún wọn láàárọ̀ pé mo jẹ́?"

N kò lè wò ó. Iná ni mò ń wò nígbà tí mo sọ ọ́. "Mo ní wèrè ni yín, Ìyá. Mo ní alágbe ni yín."

Ó bu tíì sí ife Lojze. Lẹ́yìn náà ló ní, "Búrẹ́dì yẹn dùn. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ká ní ó gbá mi létí, ì bá sàn fún mi. Mo yíjú sí Zdenka, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì: ẹni tó jẹ́ sí mi, ẹni tó ni ọ̀nà, àti pé àmọ̀tẹ́kùn kankan kò sí. Lojze tẹ orí ba, ó ń fa okùn bàtà rẹ̀. Zdenka kò bú mi. Ó kàn dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ jókòó ti Fidda, èjìká wọn kan ara wọn.

Fidda kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró kí ọ̀rọ̀ náà jáde láti ẹnu ẹlòmíràn, kò jáde. Nígbà tó di ọjọ́ kọkàndínlógún, èmi fúnra mi sọ ọ́ níwájú àwọn ọkùnrin níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí. Kò sẹ́ni tó gbé ife sẹ́nu. Àgbà kan ní kí n mú àgùntàn, kí àwọn àgbà mẹ́ta sìn mí lọ tọrọ àforíjì. Fidda kò gbà wọ́n. Ó ní àgùntàn kì í wọ àárín ọmọ àti ìyá. Ó pè mí sẹ́yìn àgọ́.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé aṣọ mi ni?"

Mo ní, "Rárá, Ìyá. Pé ẹ mọ̀ jù mí lọ níwájú wọn ni."

Ó mi orí. "Ìyẹn kò ní òògùn," ló wí, ó sì ní kí n bá òun gbé omi fún ẹran.

Ó tún lo ọdún mẹ́rin láyé. Mo ń pọn omi fún un, mo ra bàtà gidi fún un, ó sì ń wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò lè yí padà. Nígbàkigbà tó bá rí jíìpù mi tó ń bọ̀ pẹ̀lú àlejò, ó máa ń fa ìborí rẹ̀ bo ojú, ó sì máa ń da àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn òkè títí a ó fi kọjá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, pé mo fẹ́ kí wọ́n rí i. Ó ní iṣẹ́ ni iṣẹ́, òun kò fẹ́ tún dójú tì mí. Kò sọ ọ́ bí ẹ̀gàn. Ó gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sì kọ́ ọ.

Ó kú ní ìgbà òtútù kan, nínú oorun, ẹran rẹ̀ méjìlélógún sì wà nínú ọgbà.

Mo ṣì ń mú àlejò wọ Ọ̀nà Ọ̀fun. Ní ẹnu rẹ̀, kí a tó wọlé, mo máa ń dárúkọ Fidda, mo sì máa ń sọ ohun tí mo ṣe, n kì í fi ọ̀kan bò. Inú àwọn àlejò máa ń bàjẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbá mi lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á ní olóòótọ́ ènìyàn ni mí, pé kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ló lè sọ irú rẹ̀ jáde. Àwọn mìíràn ń kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwòrán mi. N kò tíì mọ bí mo ṣe lè dá wọn lẹ́kun.