Oríkì Tí Wọ́n Ní Kí N Gé

Ìyá mi ló ki oríkì ìdílé wọn fún mi, nínú kíṣìnì àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ní Pordenone, ní ilẹ̀ Ítálì. Kí n tó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n kìlọ̀ fún mi: “Àwọn ọmọ tí ẹ ń bí síbí, Italian ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè oríkì yìí, fún un. Má fi du ẹnikẹ́ni.” Mo ṣèlérí.

Mo kọ ọ́ sínú orí kan nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ilé ìtẹ̀wé ní kí n fọwọ́ sí i pé àwọn ló ni ẹ̀tọ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ta ló ń ta oríkì? Nílé wa, ẹni tó kì ọ́ lè gbowó lọ́wọ́ rẹ, kò lè gbé oríkì rẹ lọ sílé. Ọ̀mọ̀wé ni mí o, ẹ má gbàgbé!

Yunifásítì kan ní Turin ni mo ti ń kọ́ni. Mo gbé orí ìwé náà sí ojú ìwé kíláàsì wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí ọmọ tiwa pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí ìyá wọn ń tọ́jú arúgbó ní Asti. Kò pẹ́ tí yunifásítì fi yọ ọ́. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì kò tiẹ̀ pariwo mọ́ mi. Ó ní èmi ni mo kọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Òfin gbà kí olùkọ́ mú díẹ̀ fi kọ́ni, kí n gé ìyókù.

Ta ni n óò gé? Ẹni tí a bá fò nínú oríkì, ńṣe ni a bú u. Mo jókòó sí San Salvario, àdúgbò kan ní Turin, ọkàn mi bàjẹ́ pátápátá.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá Màámi. Àbúrò mi ti sọ pé wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

“Gé kẹ̀? Ta ló ní kí o gé àwọn èèyàn mi? Ṣé àwọn ìjọba ìbílẹ̀, àwọn comune yẹn, ni?”

“Rárá, Màámi. Àwọn tó tẹ ìwé ni.”

“Fi ìwé wọn sílẹ̀ fún wọn. N óò kì í lákọ̀tun. Gbé fóònù rẹ wá.”

Inú mi dùn, mi ò purọ́. Ta ló lè yọ ohùn tuntun?

Wọ́n ki baba ńlá wọn, wọ́n ki baba wọn, wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí wọn, wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n tún dúró sí, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó kàn. Inú ìwé tí mo ti fọwọ́ sí ló wà; bí mo bá fi í sí wọn lẹ́nu, ti ìwé ni, kì í ṣe ohùn tuntun mọ́.

“Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n gé?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ibẹ̀ ni.”