Ẹni Tó Ń Ra Ẹrù Olè Nínú Ìwé Ọmọ Mi

Ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́tàlá, ó ti ń lọ sí kọlẹ́ẹ̀jì, ilé ìwé girama tiwa níbí, nígbà tí olùkọ́ èdè Faransé wọn ní kí gbogbo kíláàsì lọ ra ìwé kan. Ìwé tín-ín-rín ni. Wọ́n ya àwòrán ọmọkùnrin mẹ́rin sí èèpo rẹ̀, alùpùpù kan wà láàárín wọn. Ìtàn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń jalè ni, irú èyí tí wọ́n ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́ báyìí, tí wọ́n ní yóò kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Mo rà á fún un ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Commerce, àdúgbò ọjà níbí ní Bouaké, mi ò tiẹ̀ ṣí i wò. Inú mi ṣáà dùn pé ó rí nǹkan kà.

Ọ̀dọ̀ wa ni bàbá mi ń gbé, nílé wa ní àdúgbò Gonfreville. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, kò lè kàwé mọ́, Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà pàápàá kò ṣeé kà fún un. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó fi ta èròjà alùpùpù ní Commerce kí ara tó ní kó jókòó sílé. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ mi bá ti ti ilé ìwé dé tó sì ti jẹun, á jókòó ti bàbá àgbà lórí ẹní níwájú ilé, á máa ka ìwé náà ní Faransé, á sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń kà á lọ. Yorùbá tirẹ̀ kò jinlẹ̀. Tí kò bá rí ọ̀rọ̀ tó ń wá, á fi Faransé dí i, bàbá á sì bá a wá Yorùbá rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo ti ń dáná. Bàbá mi fẹ́ràn àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn. Á máa béèrè ṣé wọn ò tíì mú èyí tó kéré jù nínú wọn, á ní kó yáa tètè sá.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbọ́ tí ọmọ mi ń ka Faransé, kò sì túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọmọ ní ibẹ̀ le. Bàbá ní ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òun ti wà nílẹ̀ yìí, kò sí Faransé tó lè fara pa mọ́ fún òun mọ́, ó kàn wu òun kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ òun ni. Ọmọ mi bá sọ ọ́.

Ibi tí àwọn ọmọ náà ń kó ẹrù olè lọ ni wọ́n dé. Bàbá arúgbó kan ni, Ànàgó ni, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn. Ó máa ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan sókè, á fi ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnì wá fún un, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wò, á gbóòórùn rẹ̀, á wá fi Faransé tó wọ́ sọ pé, "Èmi ò mọ olè, irin ni mo mọ̀."

Bàbá mi ní kó dúró níbẹ̀ ná. Ó ní, "Èmi nìyẹn."

Mo jáde sí wọn. Mo ní báwo ni yóò ṣe jẹ́ òun, ṣebí Ànàgó tó ń ta èròjà alùpùpù pọ̀ nílùú yìí. Ó ní ta ló tún ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní Commerce yàtọ̀ sí òun. Mo gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, mo wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n.

Baoulé ni, ẹ̀yà onílẹ̀ níbí. Àgbàlá kan náà la gbé dàgbà, ìyá rẹ̀ àti ìyá mi jọ ń lo ilé ìdáná kan. Ẹgbẹ́ ni wá. Ọ̀dọ̀ wa ló ti máa ń jẹun jù, nítorí àwọn ọmọ pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé tó bá tẹ̀ lé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé á máa bi í pé agbo ilé wo ló ti wá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn ogun, ó lọ sí Abidjan. A gbọ́ pé ó ń ṣe olùkọ́, pé ó ń kọ̀wé. Inú wa dùn nígbà tí a gbọ́ ọ.

Mo ka ìwé náà tán lọ́jọ́ kejì kí ọmọ mi tó ti ilé ìwé dé. Ó mọ̀wé kọ, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nínú àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn, ọ̀kan wà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Òmíràn, bàbá rẹ̀ ló sá lọ. Wọ́n lé ẹnì kẹta kúrò nílé ìwé láìṣẹ̀. Èyí tó kéré jù, tó ń sọ ìtàn náà, ebi ló ń pa òun àti ìyá rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ìwé. Nígbà tí ìtàn ń parí lọ, wọ́n sunkún, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n rí ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́ ọwọ́, èyí tó kéré jù sì padà sílé ìwé. Ànàgó yẹn nìkan ni ọlọ́pàá kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́, tí wọ́n tì sínú ọkọ̀, tí àwọn ará ọjà sì ń pàtẹ́wọ́. Kò lórúkọ. Kò láya, kò bímọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó gbé e dé ìlú náà tàbí ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ojú ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n fún un, irin ló sì ń gbóòórùn rẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Ohun tó jẹ́ kí ó korò lẹ́nu mi jù ni pé kì í ṣe irọ́. Nígbà tí ogun pín orílẹ̀-èdè yìí sí méjì, tí Bouaké bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníbọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Ilé ìwé ti pa. Báńkì ti pa. Ọjà kò wọlé láti Abidjan mọ́. Àwọn tó sá lọ sí gúúsù ti fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń já ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnì alùpùpù wá, bàbá mi sì ń rà á. Mo fojú mi rí i. Gbogbo ẹni tó dúró ní Commerce nígbà náà ló ra nǹkan nínú ẹrù ẹni tó sá, àti onílẹ̀ àti àlejò. Ohun tí à ń jẹ nìyẹn. Mo sì rí àwọn tó ń gbé e wá pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọkùnrin tí èmi àti ẹ̀ jọ ń fọwọ́ bu oúnjẹ nínú àwo kan.

Lẹ́yìn ogun, fún ọdún méje gbáko, bàbá mi kò gba oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá gbé àwo búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á gbé e kọjá sí ẹni tó jókòó tì í. Mo rò pé inú ló ń run ún. Ìyá mi ló sọ òótọ́ rẹ̀ fún mi kí ó tó kú, pé nítorí àwọn ẹ́ńjìnì yẹn ni.

Nílé ìwé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ń kọjá, wọ́n á fi imú fa atẹ́gùn bí ẹni ń gbóòórùn nǹkan, wọ́n á ní irin ni àwọn mọ̀. Kò sọ fún mi. Ìgbà tí ẹ̀rọ ìṣirò ọmọ kan sọnù ni mo tó mọ̀. Olùkọ́ ìṣirò ní òun fẹ́ tú àpò gbogbo wọn wò, ọ̀dọ̀ ọmọ mi tó jókòó sí ìlà kẹta ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n rí ẹ̀rọ náà lábẹ́ tábìlì ẹni tó ni ín. Kò sẹ́ni tó bẹ ọmọ mi. Ó dé ilé, ó wọ yàrá, kò jẹun.

Mo lọ bá olùkọ́ èdè Faransé. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó ní ọ̀wọ̀, ó fún mi ní àga. Ó ní, "Màdámù, ìtàn lásán ni." Ó ní ìwé náà ń kọ́ àwọn ọmọ pé olè jíjà kò lérè, pé ó dára fún wọn ní irú àsìkò tí a wà yìí, tí àwọn ọ̀dọ́ ń kó ọ̀bẹ kiri àdúgbò. Mo ní kó dárúkọ àwọn ọmọ mẹ́rin inú ìwé náà fún mi. Ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó dárúkọ bàbá arúgbó. Ó ní wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Mo bi í bóyá ó rí ohun tí mò ń sọ. Kò rí i. Ó ní ẹni tó kọ ìwé náà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá kí àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé tí mo bá fẹ́, kí n wá.

Mo lọ. Ó ti hu ewú díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ orí, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kò yí padà. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá òótọ́ ni ìtàn náà. Ó ní ìlú yìí ni òun ti dàgbà, pé òun fi ojú ara òun rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun rí wọn. Kò ní òun wà lára wọn.

Nígbà tí wọ́n túká, ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn. Yorùbá ló fi kí mi, Yorùbá ìyá mi gan-an. Ó ń béèrè ilé, ó ń béèrè ọmọ. Mo ní, "Bàbá ti gbọ́ ìwé rẹ."

Ó dúró. Ó ní, "Ṣé wọ́n ṣì wà? Mo rò pé wọ́n ti kú."

"Ṣé ìdí nìyẹn tí o fi kọ ọ́?"

Ó ní ṣé irọ́ wà nínú ohun tí òun kọ ni. Mo ní kò sí. Mo wá ní, "Ta ló ń gbé ẹ́ńjìnì yẹn wá?"

Ó wo àwọn ọmọ tó ń jáde lọ. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Ohun tí gbogbo ìwé yẹn ń sọ nìyẹn, pé ọmọdé ni wá."

Mo sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ Olúwa fún un, àti ọdún méje yẹn. Mo rò pé yóò dùn ún. Ó jọ pé ó dùn ún lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá fi sínú ìwé, pé ibẹ̀ ì bá dára gan-an. Títí dòní, mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó wá sílé lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó ra iṣu bọ̀ láti Djébonoua. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá mi ní kó dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bi í léèrè ìyá rẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ mi, ó ní kó mú ìwé náà wá, kó ka ojú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó sì túmọ̀ wọn. Ọmọ mi wò mí. Mo ní kó kà á.

Ó kà á látòkèdélẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí àwọn ará ọjà ti ń pàtẹ́wọ́, ó fẹ́ pa ìwé náà dé, bàbá ní kó má dúró. Ẹni tó kọ ọ́ jókòó, ilẹ̀ ló ń wò.

Bàbá mi ní, "Ìyàwó mi dà nínú ìwé yìí?"

Ó ní, "Bàbá, ìwé ọmọdé ni. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ní kò gbọdọ̀ gùn."

"O rí àyè fún ìyá tìrẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tán. Ó ní, "Ohun tí mo rà, mo rà á. Èmi àti Ọlọ́run ti sọ ọ́, ó sì pẹ́ kí a tó sọ ọ́ tán. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti sọ tìrẹ fún ẹnikẹ́ni?"

 Ó jókòó díẹ̀ sí i, ó dìde, ó ní òun yóò bá àwọn tó tẹ ìwé náà sọ ọ́ kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe tí wọ́n bá fẹ́ tún un tẹ̀. Wọ́n ti tún un tẹ̀ láti ìgbà náà. Mo rí i ní Commerce, mo ṣí i wò lórí ìdúró. Àwòrán èèpo rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Bàbá mi kò ní kí ẹnikẹ́ni kàwé fún òun mọ́. Tí ọmọ bá jókòó tì í pẹ̀lú ìwé mìíràn, á ní orí ń fọ́ òun.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí àlejò náà lọ, wọ́n ṣe ìdánwò lórí ìwé náà. Ọmọ mi mú tirẹ̀ wálé kí n fọwọ́ sí i, nítorí òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìbéèrè náà ni pé kí wọ́n ṣàpèjúwe ìwà ẹni tó ń ra ẹrù olè, kí wọ́n sì sọ ẹ̀kọ́ tó kọ́ wọn. Ọmọ mi kọ ojú ìwé méjì. Ó kọ ọ́ pé olójúkòkòrò ni, pé kò ní ìfẹ́ ìlú tó ń bọ́ ọ, pé irú wọn ló ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Faransé rẹ̀ dára, kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Máàkì mẹ́rìndínlógún nínú ogún ni wọ́n fún un, olùkọ́ sì fi pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ó káre.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Màmá, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́."

Mo ní, "Bàbá àgbà ńkọ́?"

Ó ní bàbá àgbà kọ́ ló ń fún àwọn ní máàkì. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ rí mi fín. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí àgbàlagbà.

Mo wá bíìrò, mo fọwọ́ sí i, mo dá a padà fún un.