Ibi Tí Ìjì Fò Kọjá

Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, kì í yára. Bí o bá bi í ní ìbéèrè, á kọ́kọ́ wo ojú rẹ, á wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà á ní, "Ẹ dúró ná." Ohun tó máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì nìyẹn bí wọ́n bá ń sáré kọjá ohun tí kò tíì yé wọn, ni wọ́n bá sọ ọ́ di Àǹtí Ẹ-Dúró-Ná. Màmá Àgbà, ìyá tó bí i, ní orúkọ yẹn pẹ́ kó tó dé. Ó ní ọjọ́ tó yẹ kóun bí i kọjá dáadáa kó tó wáyé, nígbà tó sì wáyé tán, kò tètè sunkún. "Ńṣe ló ń rò ó bóyá ó yẹ kóun sunkún."

Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa: bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, fèrèsé tó kọjú sí ògiri aládùúgbò. Ìwé kò pọ̀ níbẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń rò pé ó máa pọ̀ ní yàrá onímọ̀ ìṣirò. Okùn ló pọ̀: okùn bàtà, okùn tí a fi ń sá aṣọ, wáyà rédíò tó ti bàjẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí okùn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí. Mú okùn kan, lọ́ ọ bó ṣe wù ọ́, kí o wá so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ṣé ó ṣe é tú padà di òrùka lásán láìgé e, àbí kò ní tú láéláé? Ojú lásán kò lè sọ. Òmíràn á rí wúruwùru, fífà díẹ̀ ló sì máa tú u. Òmíràn á rí jẹ́jẹ́, kò sì ní tú títí ayé.

Òun àti ọkùnrin kan ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìjì ni gbogbo èèyàn ń pe ọkùnrin náà, torí bó bá dúró níwájú pátákó, ṣọ́ọ̀kì á máa kán, ọwọ́ ọ̀tún á máa kọ, apá aṣọ òsì á sì máa pa á rẹ́.

"Èmi ni bíréèkì, òun ni ẹ́ńjìnnì," Àǹtí mi máa ń wí bẹ́ẹ̀.

Ìjì á dáhùn pé, "Bíréèkì wo? O ò tíì jẹ́ ká kúrò ní gáréèjì!"

Ní ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò pè wọ́n lórí fóònù. Àwọn méjèèjì ló gba àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí ẹgbẹ́ náà ń fúnni, torí ọ̀nà tí wọ́n rí láti fi dá okùn tó máa tú mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní tú. Bàbá mi jó láti pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Màmá Àgbà béèrè bóyá ó jẹ́ ohun tó ṣe é gbé kọ́ ògiri. Àdéhùn kan ló wà níbẹ̀: àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ dúró níwájú ẹgbẹ́, kí wọ́n jọ ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá wá, kò ní gbà á.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì kó ara wọn jọ láti bá wọn yọ̀, wọ́n sì ní kí Ìjì sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iṣẹ́ náà. Ó ń kọ, ó ń parẹ́, títí ó fi dé ibì kan. Gbogbo iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́ ibẹ̀: pé bó ti wù kí okùn tó máa tú lọ́ tó, ibì kan máa ń wà lára rẹ̀ tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ọ̀nà sì wà láti rí ibẹ̀. Àǹtí mi nìkan ló wá ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó gbà á tó ọdún méjì. Ó rù nígbà náà. Á bu oúnjẹ sẹ́nu, á dìde lọ sí yàrá rẹ̀, kò sì ní padà wá sídìí àwo mọ́.

Ìjì kọ ọ́ sí pátákó ní ìlà kan, ó ní, "Èyí hàn gbangba," ó sì fò kọjá.

Àǹtí mi dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Nígbà tó délé, ó sọ fún bàbá mi pé òun kò ní lọ gba àmì ẹ̀yẹ kankan.

"Torí gbólóhùn kan péré?" bàbá mi bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún méjì ni gbólóhùn yẹn. Bó bá hàn gbangba, kí ni wọ́n fẹ́ yẹ́ mi sí fún?"

Ìjì pè é títí, kò gbé fóònù. Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, ó wá fúnra rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì dání bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Káàsán, Ìjì. Jọ̀ọ́, má ṣí òrùlé wa lọ."

Àǹtí mi jáde síta láti yàrá rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra. Ìjì bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló tẹ̀lé òun wọlé. "Ṣé èmi ni sà?" Ó gbé búrẹ́dì náà lé orí tábìlì. "Kí ni mo ṣe gan-an? Mi ò sọ pé èmi ni mo ṣe é. Mo ní ó hàn gbangba. Ó sì hàn gbangba lóòótọ́!"

Ọ̀rọ̀ náà dá Ìjì lójú. Ìyẹn ló dun Àǹtí mi jù. Ó ti fẹ́ padà sí yàrá nígbà tí Màmá Àgbà dá sí i.

"Ìjì, èmi ò rí ilé ìwé gíga rí. Ṣé èmi náà lè rí i?"

"Màmá, ọmọdé gan-an lè rí i."

"Ó dáa. Jókòó, kí o fi hàn mí."

Wọ́n ní kí n lọ mú okùn wá. Ìjì so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó sì lọ́ ọ títí ó fi dà bí ìtẹ́ ẹyẹ. "Ẹ wò ó, Màmá. Ó máa tú, torí òrùka lásán ni kí n tó dà á rú. Torí náà, ibì kan wà tí a ti lè bẹ̀rẹ̀."

"Níbo?"

"Ibí."

Màmá Àgbà fà á. Ó le gbagidi.

"Ẹ má bínú, Màmá, ibí ni mo fẹ́ wí."

Ó tún fà á. "Ìjì, o fẹ́ fi okùn yìí dè mí ni?"

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ìjì yọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti okùn náà. "Torí pé tí a bá... rárá. A kọ́kọ́..." Ó yí i sí òsì, ó yí i sí ọ̀tún. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè wo Àǹtí mi. "Kí la ṣe níbẹ̀ nígbà yẹn?"

"Àwa kẹ̀?"

"Kí lo ṣe? Mo bẹ̀ ọ́."

Àǹtí mi jókòó sílẹ̀, ó gba okùn náà. Kò tú u rárá. Ńṣe ló tún fi ìlọ́ kan kún un. "Ohun tó gba gbogbo ọdún méjì yẹn lọ́wọ́ mi nìyí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mo ń wá ibi tó máa dẹ̀. Mi ò mọ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ le sí i." Ó wá ń tú u, ó ń fi ìka tọ́ka sí i fún Ìjì, ìlọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, títí okùn náà fi tẹ́ sílẹ̀ roboto.

Ìjì fi ìka tọ etí okùn náà yí po. "Nǹkan kan kì í yé mi tán kí n tún rántí pé ó ti rú mi lójú rí. Bí mo bá ti gòkè tán, mo máa ń rò pé òkè ni wọ́n bí mi sí."

"Ìwọ, o ò dáa."

"Mi ò dáa. Ṣé wàá lọ?"

Àǹtí mi wo ojú rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Èmi ni màá sọ ibẹ̀. Mi ò sì ní fo ìlà kankan."

"Wákàtí kan péré ni wọ́n fún wa! Apá ìparí ńkọ́?"

Ìjì ló ṣe apá ìparí yẹn, ó sì ti ra aṣọ tuntun dè é.

"Bí àkókò bá tán síbẹ̀, kó tán síbẹ̀."

Ìjì họ orí. Ó wo búrẹ́dì, ó wo Màmá Àgbà, kò rí ẹni gbè é. Ó ní, "Ó dáa."

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gba àmì ẹ̀yẹ náà, èmi, bàbá mi àti Màmá Àgbà jókòó sí ìlà kẹta nínú gbọ̀ngàn. Àǹtí mi bọ́ síwájú pátákó. Ohùn rẹ̀ kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn. Kò sáré. Alága ẹgbẹ́ náà ń wo aago, ó kọ nǹkan sórí pépà, ó tì í sọ́dọ̀ Ìjì. Ìjì kà á, ó ká a, ó fi sápò aṣọ tuntun rẹ̀. Alága na ọwọ́ sí agogo orí tábìlì. Ìjì rọra fa agogo náà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí mi kọ ìlà tó kẹ́yìn, ìyá arúgbó kan níwájú, onímọ̀ ìṣirò ni òun náà, mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn wá pàtẹ́wọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Ìjì dìde, ó kọ àbájáde tirẹ̀ sí igun pátákó, ó ní, "Èyí wà nínú ìwé wa. Ẹ kà á nílé," ó sì jókòó.

Wọ́n fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ, wọ́n ya fọ́tò, àwọn èèyàn ń tú ká. Ìgbà náà ni ìyá arúgbó yẹn di Àǹtí mi lọ́wọ́ mú, ó ní ibì kan wà tí kò tíì yé òun. Àǹtí mi wo ọ̀dọ̀ wa bí ẹni ń tọrọ àyè. Kí bàbá mi tó mi orí pé kò burú, Ìjì ti ń nu pátákó fún un.

Màmá Àgbà gbé àpótí àmì ẹ̀yẹ náà lé ẹsẹ̀, ó ṣí i, ó pa á dé. "Ṣé wọ́n ṣì máa pẹ́?"

"Wọ́n máa pẹ́, Màmá," bàbá mi dáhùn.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sórí àga tó wà níwájú.