Odídẹ Fẹ́ Fi Faransé Ṣe Gbòógì

Odídẹ ni gbogbo ilé ń pe ọmọbìnrin náà, torí kò sí ohùn ẹni tí kò lè sín jẹ. Lọ́jọ́ tí yunifásítì gbà á wọlé, ó pariwo títí ajá àdúgbò fi ń gbó. Wọ́n ní kó yan ẹ̀kọ́ méjì, ọ̀kan gbòógì, èkejì àfikún. Kí ló tún kù tó ń rò? Faransé ni gbòógì, ìṣirò owó ni àfikún, ó parí! Ó ti ń rí ara rẹ̀ níbi ìpàdé àwọn èèyàn ńlá, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn, tí gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀.

Àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ fún bàbá? Dírẹ́bà tírélà tó ń kó ẹrù kọjá ẹnubodè lọ sílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé ni bàbá rẹ̀, òun ló máa rán an níléèwé, ìṣirò owó nìkan ló sì wà lọ́kàn tiẹ̀. Ọmọ tó mọ̀wàá hù kì í kojú bàbá rẹ̀ jiyàn. Ẹlẹ́bẹ̀ ló ń rán. Odídẹ bá sáré tọ ẹ̀gbọ́n bàbá lọ, aránṣọ tí kì í kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Fi sílẹ̀ fún mi," ni aránṣọ wí, ó ń fi eyín já òwú. "Ta ló pọn bàbá ẹ dàgbà?"

Nírọ̀lẹ́, ó wọ pálọ̀ wọn, kò tilẹ̀ gba omi. "Àbúrò mi, ọmọ yìí fẹ́ fi Faransé ṣe gbòógì. Ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Mo bẹ̀ ẹ́, má sọ pé rárá."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Faransé kẹ̀? Èyí tí mo fi ń bẹ aṣọ́bodè nínú òjò pé kó jẹ́ n kọjá? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ̀ ni. Èdè ìyà ni o!"

Odídẹ jókòó sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó rán ẹlẹ́bẹ̀, ó yẹ kó panu mọ́ ni. Àmọ́ ẹnu Odídẹ, ìgbà wo ló gbọ́ràn sí i rí? Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé wéréwéré. Ó ní nígbà tóun kéré, bí bàbá bá ti ìrìn àjò dé, á gbé òun lé itan, á máa kí òun bí wọ́n ṣe ń kíra lọ́hùn-ún. Ó ní ẹnu bàbá lòun ti kọ́kọ́ gbọ́ èdè náà, kò sì sí èdè tó dùn tó o létí òun.

Aránṣọ ò gbọ́ ẹyọ kan. Bàbá gbọ́ ọ.

"Àfikún yẹn," ló wí níkẹyìn, "ìṣirò owó ni àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Dìde."

Háà! Odídẹ fò mọ́ aránṣọ lọ́rùn títí abẹ́rẹ́ tó wà láyà aṣọ ìyẹn fi gún un. Ta ló rí tìyẹn rò? Ó ń jó kiri pálọ̀ ni.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ohùn bàbá níta, tó ń kígbe sí mẹkáníìkì tó ń tún tírélà ṣe: "Ọmọ mi ń lọ kọ́ Faransé ní yunifásítì o! Kí lo rò? Èmi ni tíṣà àkọ́kọ́ tó ní!"