Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Afárá Mostar

Ojú mi yìí ni mo fi rí gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Òórùn ẹran sísun ló kọ́kọ́ pàdé wa ní Mostar, ìlú àtijọ́ kan ní Bosnia tí Mùsùlùmí òyìnbó pọ̀ sí. Ó jọ ti Rye Lane, òpópónà ọjà àdúgbò wa, nírọ̀lẹ́ Sátidé débi pé itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Àwa mẹ́ta la jọ lọ láti Peckham ní London: èmi tí mò ń ta iṣu, télọ̀ kan, àti ọ̀rẹ́ wa tó ń wa bọ́ọ̀sì. Ìwé kẹta ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣètò ìrìn àjò náà látòkè délẹ̀. Ta ló tún lè ṣe é?

Ọ̀rọ̀ awakọ̀ yìí ló gba ìṣọ́ra. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un ní ọsibítù kan ní Camberwell ni, kò sì tíì pẹ́ tí dókítà ní ó lè rìnrìn àjò. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ni mo fi í lé o." Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀. Èmi kẹ̀?

Afárá òkúta kan wà níbẹ̀ tó yọ iké bíi ràkúnmí. Ẹsẹ̀ èèyàn ti mú òkúta rẹ̀ dán, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Mo ti sọdá, mo ń ṣàlàyé fún télọ̀ bí akọni ṣe ń rìn níbi tó ń yọ̀, nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn. Awakọ̀ wa ló nà gbalaja yẹn! Ó dojú bolẹ̀, kò mira, atẹ́gùn ti gbé fìlà rẹ̀ lọ sínú odò. Bàbá òyìnbó arúgbó kan, onírùngbọ̀n funfun, dúró tì í, ó ń figbe ta. Àwọn èèyàn ń sáré bọ̀.

Ojú ìyàwó yẹn nìkan ni mò ń rí. Mo sáré gun afárá padà, bàtà mi kan yọ, ó já sódò, mi ò wò ó.

"Ọ̀rẹ́ mi! Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́," ó dáhùn, ẹnu rẹ̀ ṣì wà lára òkúta. "Bàbá ni wọn ò tíì ní kí n dìde."

Àṣé bàbá náà ló kí i ní sàláámù. Ọ̀rẹ́ wa, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, bá dọ̀bálẹ̀, ó ń retí àdúrà. Bàbá ò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n rò pé ọkùnrin náà ti kú mọ́ àwọn lọ́wọ́ ni.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Télọ̀ jágbe mọ́ ọn. "Pẹ̀lú àyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán!"

"Ṣé kí n máa bọ àgbà lọ́wọ́ bí ẹgbẹ́ mi ni?"

Mo mú ọwọ́ bàbá, mo gbé e lé ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn. Ó yé wọn. Wọ́n fi èdè wọn ṣàdúrà, awakọ̀ ṣe àmín, ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Látìgbà náà, bí àwọn ọmọ wa tí a bí sí Peckham bá kàn mi orí sí mi dípò ìdọ̀bálẹ̀, mi ò bínú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń mí ló ń kíni.

Ohun tá a pàdánù lọ́jọ́ náà: fìlà kan, bàtà ẹsẹ̀ òsì kan.