Mítà Tí Mo Kọ Sí Àyè Fíìtì

Ìkìlọ̀ kan wà lójú ìwé àkọ́kọ́ iṣẹ́ wa: "Géèmù nìkan la ṣe eléyìí fún. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi í wa bàálù gidi." Èmi alára ni mo tún un kọ kó lè yé ọmọdé. N ò mọ̀ pé àwọn èèyàn kì í kà á, àfi lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí mo jókòó sí yàrá àwọn tíṣà nílé ẹ̀kọ́ wa ní Tápà, tí lẹ́tà kan wọlé sórí fóònù mi.

Awakọ̀ òfuurufú kan ló kọ ọ́, láti orílẹ̀-èdè olókè kan tó jìnnà sí wa. Bàálù kékeré ló fi ń gbé oògùn lọ sáwọn abúlé tí mọ́tò ò lè dé. Ó ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti kó dátà yín sínú fóònù tí mo ń gbé wọ bàálù. Láàárọ̀ ọ̀la, mò ń lọ sí pápá kan lórí òkè. N ò débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ ti kọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ mọ̀ síbẹ̀."

Ó dárúkọ pápá náà. Èmi ni mo kọ dátà rẹ̀.

Tíṣà jọ́gíráfì ni mí. Géèmù bàálù kan wà tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, àwa èèyàn káàkiri ayé la sì jọ ń tún un ṣe láìgbowó. Dátà ìtọ́sọ́nà ni iṣẹ́ tèmi: ibi tí pápá bàálù kọ̀ọ̀kan wà, bí títì tí bàálù ń bà lé ṣe gùn tó, àti bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ga ju òkun lọ tó. Bàbá Ráṣídì ló kọ́ mi, àgbàlagbà kan ní Ìgbó-Ọrà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yíya máàpù fáwọn awakọ̀ òfuurufú. Kọ́mà kan ṣoṣo tí mo bá ṣì kọ lè bà wọ́n nínú jẹ́ títí di ọjọ́ kejì. "Ìyá Fàtí," wọn á ní, "o ń kọ nọ́ńbà bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ." Èmi á sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín ò wá. Mo ṣí fáìlì náà. Ìwé tí mo ti wo gíga ilẹ̀ ibẹ̀ kọ ọ́ ní mítà 1,200. Fíìtì ni àyè tiwa ń béèrè. Mo ti kọ 1,200 síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìṣírò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mítà kan ju fíìtì mẹ́ta lọ. Fóònù ọkùnrin yẹn á máa sọ fún un pé ilẹ̀ ṣì jìnnà nísàlẹ̀, nígbà tí òkè ti wà níwájú imú rẹ̀.

Mo kọ ọ́ kíákíá: "Ẹ má lo nọ́ńbà yẹn! Mo ṣì í kọ ni." Mo tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Mo gbé fóònù sójú fèrèsé, mo jáde sí pápá bọ́ọ̀lù, mo gun àpáta ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Pàbó ni.

Mo dá ọlọ́kadà kan dúró. "Ìgbó-Ọrà, jọ̀ọ́, kíá!"

"Tíṣà, ṣé kò sí o?"

"Ẹnì kan lè kú."

"Subhanallah! Ọmọ yín ni?"

Mo gun ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀. N ò rí ẹni náà rí láyé mi.

A kọjá Ayétẹ̀, a kọjá Ìdèrè, fóònù ò dún. Iwájú ilé Bàbá Ráṣídì ni lẹ́tà mi ti ráyè lọ. Mo dúró de èsì. Kò sí èsì. Lọ́dọ̀ ọkùnrin náà, ilẹ̀ ti ṣú. Ó ṣeé ṣe kó ti sùn.

Mo wọlé, mo ròyìn fún Bàbá, wọ́n sì wo fáìlì náà. Wọn ò bú mi, ìyẹn ló tún wá dá kún ẹ̀rù mi.

"Ṣé o ti tún un ṣe?"

"Mo ti tún un ṣe, Bàbá."

"Ṣé o ti sọ fún gbogbo àwọn tó ń lò ó?"

"Ojú ń tì mí," mo ní.

"Jẹ́ kó tì ọ́. Ìtìjú ò ní pa ọ́. Òkè ló ń pa èèyàn. Kọ ọ́, kó o sì fi orúkọ ara rẹ sí i."

Mo kọ ọ́ níwájú wọn. Lẹ́yìn náà, a jọ yẹ gbogbo pápá tí mo kọ lọ́sẹ̀ yẹn wò. A rí méjì sí i tí mo ṣì kọ bákan náà. A tún àwọn náà ṣe. Nígbà tí mo kírun Àsùbá lọ́jọ́ kejì, àdúà ẹni tí n ò mọ̀ rí ló gba ẹnu mi kan.

Láàárọ̀ yẹn, mo ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ka gíga òkè lórí máàpù nígbà tí fóònù gbọ̀n lápò mi. Òfin wa ni pé a kì í yọ fóònù ní kíláàsì. Mo yọ ọ́. Èsì awakọ̀ náà ni:

"Mo ti balẹ̀ láyọ̀. Ìgbà tí mo gúnlẹ̀ tán ni mo tó rí ìkìlọ̀ yín. Ojú ọjọ́ ló mọ́, ojú ara mi ni mo fi rí òkè náà. Fóònù ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Mo jókòó sórí àga mi. Ọmọ kan béèrè pé:

"Mà, ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá," mo ní. Èmi kọ́ ni mo gba ọkùnrin yẹn là. Ká ní kùrukùru wà lórí òkè náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ǹ bá má rí èsì kankan gbà títí ayé.

Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà kankan kì í wọlé mọ́ láìjẹ́ pé ẹni méjì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo bẹ àwọn tá a jọ ń ṣe é kí wọ́n sọ ọ́ dòfin. Bí ẹni tuntun bá fẹ́ bá wa ṣe é, màá kọ́kọ́ fi èsì ọkùnrin yẹn hàn án. Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan láti Èrúwà kà á tán, ó gbé fóònù náà padà fún mi jẹ́jẹ́.

"Ìyá Fàtí, ẹ̀rù ti ń bà mí báyìí o."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," mo ní. "Fa àga sún mọ́bí, ká bẹ̀rẹ̀."