Bọ́ǹbù Tí A Fi Garawa Ṣe

Ọjọ́ tí a ṣe eré ilé-ìwé wa lórí rédíò ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Èmi ni mo ṣe ọmọbìnrin tó ti ọjọ́ iwájú padà wá sójú ogun láti kìlọ̀ fún àwọn sójà pé bọ́ǹbù ń bọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kásẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó gbé ìró bọ́ǹbù jáde há sínú ẹ̀rọ. Gbogbo Èkó sì ń gbọ́ wa lójú ẹsẹ̀. Ni Ngozi ọ̀rẹ́ mi bá gbé garawa onírin, ó là á mọ́lẹ̀ gbàà, mo sì kígbe pé, "Ẹ sá!"

Nígbà tí mo délé ní Ajégúnlẹ̀, bàbá mi, tó ti jagun rí, dìde kí mi. Wọ́n ní, "O káre. Bọ́ǹbù yín mú mi dọ̀bálẹ̀." Gbogbo ayálégbé pàtẹ́wọ́, inú mi sì dùn gan-an.